Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Atẹdùùrù tó sùn lórí dùùrù

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ̀gbọ́n wa Olóòtú,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo sì wà ní 300 level ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tẹ dùùrù. Atẹdùùrù ìjọ wa ló kọ́ mi, rúlà ló sì máa ń fi gbá mi lọ́wọ́ bí mo bá fi ìka tí kò yẹ tẹ̀ ẹ́. Títí di òní, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bíi kí n jókòó sídìí dùùrù.

Ìṣòro mi rèé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago márùn-ún sí aago mẹ́jọ, èmi ni mò ń tẹ dùùrù níbi ìdánrawò akọrin fẹ́lóṣíìpù wa. Ní Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́rin di aago mẹ́sàn-án, mo máa ń wọ ìgboro lọ bá báńdì kan tó ń ṣe orin jùjú àti háíláìfù, nítorí pé àwọn ló ń mú mi lọ sóde. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìdánrawò akọrin tún ni fún wákàtí mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó ti gbéra ní aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí mo bá sì fi máa padà dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Àìkú ti lù. Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ bá mi níbòmíràn ju ìdí dùùrù ìjọ lọ, a kì í sì í túká títí di aago kan ọ̀sán. N kò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ìwàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà lé ọrẹ lórí, oorun gbé mi lọ, ìgbọ̀nwọ́ mi já lu dùùrù, ó sì ké gbàà sáàárín àdúrà. Gbogbo ìjọ lajú. Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ pè mí, ó ní òde ayé tí mò ń lọ ló jẹ́ kí oorun ẹ̀mí máa kùn mí, kí n yan ẹni tí mo fẹ́ sìn. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ti ìjọ, kò sì fẹ́ gbọ́ ti òde. Ó ní òun kò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó wá di alágbe. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ló ń gba owó òde lọ́wọ́ mi fi kún owó ilé-ìwé àbúrò mi.

Nígbà tí mo parí 200 level, CGPA mi, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì gbogbo sáà lórí 5.00, jẹ́ 3.80. Ní sáà tó kọjá yìí, 1.85 ni mo gbà, mo kùnà nínú kọ́ọ̀sì méjì, gbogbo rẹ̀ sì wá já sí 3.41. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú yí lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin. Ẹ̀gbọ́n, nínú ẹ̀kọ́, orin àti ìgbàgbọ́, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Atẹdùùrù tó ti rẹ̀, Ìbàdàn.

ÈSÌ

Àbúrò mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Nígbà àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín nítorí dùùrù tó ké sáàárín àdúrà. Nígbà kejì, àánú rẹ ṣe mí. Nígbà kẹta, mo mú bíírò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro wákàtí rẹ pọ̀: mẹ́ta ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, márùn-ún ní Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta ní ọjọ́ Ẹtì, 16 láti ọ̀sán Àbámẹ́ta di ìdájí Àìkú, àti mẹ́fà ní ìjọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 33. Báńdì ló kó 21 nínú rẹ̀, ìjọ àti fẹ́lóṣíìpù kó 12. Mo wá padà sínú lẹ́tà náà láti wá ibi tí o ti sọ pé ìwọ nìkan jókòó ti dùùrù, tí ò ń kọ́ ohun tí o kò mọ̀ lánàá. N kò rí i. O sọ pé kò sí ohun tó dùn mọ́ ọ bí orin, síbẹ̀ nínú wákàtí 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀, kò sí ìṣẹ́jú kan tí o yà sọ́tọ̀ láti kọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè dáhùn ìbéèrè rẹ bí o ṣe bi í. O ní kí n yan ọ̀kan jáde nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń yó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kọ́ rẹ ń jó rẹ̀yìn, orin rẹ dúró sójú kan, o sì ń sùn níwájú pẹpẹ. Ẹnì kẹrin kan wà tó ń jẹ oúnjẹ gbogbo wọn, òun sì ni “bẹ́ẹ̀ ni” tí ò ń dá gbogbo ẹni tó bá ti ní kí o wá bá òun tẹ dùùrù lóhùn. Ọ̀gá báńdì pè ọ́, o lọ. Adarí akọrin pè ọ́, o lọ. Bí ẹnìkan nínú fẹ́lóṣíìpù bá ṣe ìgbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo mọ̀ pé ìwọ náà ni.

Èmi náà ti wà ní irú ipò yìí rí. Gìtá ni mò ń ta nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ní òru ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí à ń bọ̀ láti òde ìsìnkú lọ́nà Ìjẹ̀bú, ọkọ̀ tí báńdì háyà takú. Orí sípíkà ni mo sùn mọ́jú, gìtá wà láyà mi, ẹ̀fọn sì ń fi mí ṣe ìnáwó tiwọn. Nígbà tí n ó fi dé ọgbà ilé-ìwé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tẹ́ẹ̀sì láàbù tó ní máàkì 30 nínú 100 ti parí, olùkọ́ sì ti ń ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó wo ańkárá báńdì tó wà lọ́rùn mi láti òkè délẹ̀, ó ní aṣọ yìí dára gan-an, ṣé wọ́n ṣì ń tà á? Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ọ̀sì yẹn ni mo gbé wọ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun nìkan ló ní ọjọ́ tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo fi yúníìtì 20 fún sáà kọ̀ọ̀kan ṣe ìṣírò yìí. Bí tìrẹ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tí kò tó o, fi tìrẹ rọ́pò rẹ̀. Sáà mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọ ní yúníìtì 80 àti ojúùwọ̀n 304. Sáà tó kọjá fi 37 péré kún un, ó di 341 lórí yúníìtì 100, òun ni 3.41 tí o kọ sí mi. Ní ìparí sáà yìí, yúníìtì rẹ yóò di 120. Kí o tó lè padà sí 3.50, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà two-one (ipò kejì, apá òkè), o gbọ́dọ̀ ní 420, èyí ni pé o ní láti rí 79 nínú 100 tó wà fún sáà yìí. Ó já sí 3.95. Bí o bá gba B, tí í ṣe ojúùwọ̀n 4 lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan, nínú gbogbo kọ́ọ̀sì, o ti bọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú àlékún díẹ̀. Kò kọjá agbára rẹ, nítorí pé ìwọ náà lo gba 3.80 fún odidi ọdún méjì. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ tí o kọ sínú lẹ́tà yẹn. Tún rántí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ni kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ṣe ìdánwò bí kò bá wá sí ìdá 75 nínú 100 ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó sùn ní aago mẹ́rin ìdájí Àìkú, tó jí ní aago mẹ́fà lọ sí ìjọ, ọjọ́ Ajé ni ara rẹ̀ yóò gba ẹ̀san.

Nítorí náà, òde ni kí o kọ́kọ́ bu kù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó. Bí ìdánwò bá sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí o má lọ rárá títí wọn yóò fi gba ìwé ìdánwò tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ. Sọ èyí fún ọ̀gá báńdì lójúkojú, má fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ṣe é, kí o sì sọ ọ́ kí sáà tó gbóná, kó lè rí ẹlòmíràn. Yóò bínú. Yóò ní òun ló sọ ọ́ di èèyàn. Gbọ́ ọ, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, má sì yí ọ̀rọ̀ rẹ padà, nítorí báńdì tó ní atẹdùùrù kan ṣoṣo tí kò ní ìgbákejì, ọwọ́ ọ̀gá báńdì ni àṣìṣe yẹn wà, kì í ṣe ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìdánrawò Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú, kìkì ọ̀sẹ̀ tí o bá ní òde ni kí o máa lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìyá rẹ wà níbẹ̀. Òun gan-an ni apá tó ṣòro jù lọ nínú lẹ́tà rẹ, o sì fi gbólóhùn kan péré kọjá lórí rẹ̀. Bí òde bá dín kù sí ìdajì, owó náà yóò dín kù, ó sì yẹ kí ìyá rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ṣáájú kí ọjọ́ owó ilé-ìwé tó pé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba òru lọ́wọ́ rẹ. Àwọn òbí pọ̀ ní ìgboro tó ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní dùùrù. Wákàtí méjì ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, owó oṣù tí ẹ ti fẹnu kò sí: bóyá kò ní tó owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀gá báńdì níwájú orí (òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 kò tilẹ̀ gba owó lílẹ̀ láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnáwó wa kò tíì gbọ́), ṣùgbọ́n yóò máa wọlé lóṣooṣù, wàá sì sùn ní aago mọ́kànlá. Má fi rúlà gbá wọn lọ́wọ́ o.

Nínú àkókò tó bá kù sí ọ lọ́wọ́, fi ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún dùùrù, ìwọ nìkan. Bí mo bá mọ àwọn atẹdùùrù ìjọ wa dáadáa, kíì kan ṣoṣo (ìpele ohùn tí a ń gbé orin lé) ni ò ń tẹ̀, bọ́tìnnì transpose lo sì fi ń gbé e kiri bí akọrin bá yí ohùn padà. Èyí kì í ṣe èébú, bí a ṣe kọ́ gbogbo yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n yọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì yẹn fún oṣù mẹ́ta. Mú orin kan ṣoṣo tí o mọ̀ bí ẹní mowó, tẹ̀ ẹ́ ní kíì méjèèjìlá, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ òsì kọ́kọ́, kí ọwọ́ ọ̀tún tó dé bá a. Bí iná kò bá sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tábìlì tí o fi ń kàwé tó. Ìka kò mọ̀ bóyá dùùrù ń dún. Ní ẹ̀yìn ìwé Thermodynamics mi, títí di òní, àwọn kọ́ọ̀dù tí mo fi bíírò pupa kọ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ju Thermodynamics inú ìwé náà lọ. Má ṣe tèmi.

Ní ti pásítọ̀ rẹ, n kò ní kánjú kọjá, nítorí pé ìjà orin àti ìgbàgbọ́ kò bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ. Nígbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ dé ilẹ̀ wa, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé, tí ohùn fi ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ní kó wálẹ̀, tí ìtumọ̀ sì ń yí padà mọ́ ìjọ lẹ́nu. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tó di olóògbé ní 1930, wà lára àwọn tó fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn; ní 1922, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin tó lé ní 40 sínú àwo. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips jókòó sídìí dùùrù Kàtídírà Christ Church ní Marina, Èkó, láti 1914 sí 1962, ọdún 48 lórí àga kan, iṣẹ́ tó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ni kí orin ìsìn bá ohùn èdè wa mu. Àwọn ìlù tí pásítọ̀ rẹ ń jó sí lónìí, àwọn ìjọ kan kò gbà kí wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn Phillips kan ni mo fẹ́ kí o ronú lé lórí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an ni tirẹ̀. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ àlùfáà ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé akọrin kàtídírà yẹn ni, kó tó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1934. Orin jáàsì ló fi ń jẹun níbẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ ní ilé ìgbafẹ́ alẹ́, ó sì bá Adelaide Hall, obìnrin akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ dùùrù sínú àwo. Láàárín gbogbo èyí, ó ń kàwé. Ní 1943, ó gba oyè FRCO, èyí tó ga jù lọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1945, ó di atẹdùùrù ní Kingsway Hall, ilé ìsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Òde, ìwé àti pẹpẹ, ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo rí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ìka tó ń tẹ jáàsì lálẹ́ kò gbàgbé láti kọ́ ohun tí ìdánwò FRCO ń béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ ti yà kúrò lára tirẹ̀.

Síbẹ̀, má fi Ṣówándé bá pásítọ̀ jà. Ó ṣeé ṣe kó rí ohun tí ìwọ kò rí. Lọ bá a, kí o bi í ní pàtó: ṣé orin náà ni kò fẹ́ ni, àbí ọtí tó wà níbẹ̀, àbí kíki olówó tí ẹ kò mọ ibi tó ti rówó, àbí òru tí ẹ ń gbà? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ohun tó bá a mu. Bí ó bá jẹ́ òru ni, ẹ ti bá ara yín mu, nítorí pé èmi náà kò fẹ́ òru yẹn. Bí ó bá jẹ́ kíki èèyàn ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn rẹ ni, ìwọ nìkan lo lè sọ òde tí o kò ní lọ. Bí ó bá sì ní gbogbo orin tí kì í ṣe ti ìjọ ni ẹ̀ṣẹ̀, fọ̀wọ̀ bi í nípa báńdì tó wá ṣeré níbi ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí àwọn àgbà ìjọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìjọ má ní irú rẹ̀.

Ohun kan wà tí pásítọ̀ kò sọ, ìwọ náà kò sì sọ ọ́, tí mo rò pé òun ló wúwo jù. O ní o kò gbọ́ ìwàásù dópin mọ́. Wákàtí 12 lọ́sẹ̀ lo fi ń sin ìjọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ò ń ṣe níbẹ̀: ojú rẹ ń wo adarí akọrin, etí rẹ ń gbọ́ kíì tí akọrin anìkàndá máa bọ́ sí, ọwọ́ rẹ ń tẹ ohùn jẹ́jẹ́ sábẹ́ àdúrà ẹlòmíràn. Nígbà wo ni ìwọ ń gba tìrẹ? Gba àyè lọ́wọ́ adarí akọrin, kí o fi ọjọ́ Àìkú kan lóṣù jókòó láàárín ìjọ bí ọmọ ìjọ lásán, pẹ̀lú Bíbélì rẹ, kí ẹlòmíràn tẹ dùùrù. Ọmọ kékeré kan yóò wà níbẹ̀ tó ti ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ láti ọdún tó kọjá. Fún un láyè. Bí ó bá ṣi í tẹ̀, ìjọ yóò fara dà á, wọ́n ṣáà ti fara da ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Nínú ìdánrawò méjì fẹ́lóṣíìpù, mú ọ̀kan.

Ó ku bàbá rẹ àti ọ̀rọ̀ yíyí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ padà. Alágbe tí bàbá rẹ pè ọ́ dun ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n máàkì 1.85 ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Má ṣe fi ìtàn Fẹlá Aníkúlápó dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé ní 1958, Fẹlá tí wọ́n rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn gba Trinity College of Music lọ, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí Phillips ti kọ́ orin kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ́. Ṣùgbọ́n Fẹlá yà lójú ọ̀nà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìwọ ti parí sáà márùn-ún nínú mẹ́wàá. Bí o bá yí lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin nísinsìnyí, ó ṣeé ṣe kí o padà sí ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó ọdún mìíràn lọ́rùn ìyá rẹ. Parí èyí tó wà lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkan, Èkó, ń fúnni ní dípúlómà ọlọ́dún méjì, ẹ̀ka orin Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Kódà, o kò ní láti dúró dìgbà yẹn. Ní 400 level, ẹ̀yin ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, fún oṣù mẹ́fà. Tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé iṣẹ́ rédíò tàbí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí yóò gbà ọ́. Ẹni tó lè tú ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ palẹ̀, tó tún mọ ohun tó yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé olórin ni, kò pọ̀ nílùú yìí. Bí bàbá rẹ bá bi ọ́ pé kí ni orin fẹ́ bá ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe, o ti rí ohun tí wàá sọ. Àmọ́ èsì sáà yìí ni kí o kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, mo kí yín. Ọmọ onílù ni mí láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mùsùlùmí ni mí, mo sì wà ní 200 level ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Máàkì mi dára. Mò ń lu gángan nínú ẹgbẹ́ àṣà ilé-ìwé wa, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìdánrawò wa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti mú mi pàdánù ìrun Màgàríbì lọ́pọ̀ ìgbà. Aṣáájú wa kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí obìnrin ní ìlù lílù kò bá ẹ̀sìn mu, àgàgà fún obìnrin, ó sì ní kí n pa orúkọ mi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn tì. Bàbá mi ti ń lu ìlù láti kékeré, kì í sì í fi ìrun wákàtí márùn-ún ṣeré. Kí ni kí n ṣe?

ÈSÌ

Àbúrò mi obìnrin, onígbàgbọ́ ni mí, n kò sì lè ṣe ìdájọ́ Ìsìlámù fún ọ. Ààfáà tí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, tí ìwọ àti àwọn òbí rẹ fọkàn tán, ni kí o bi, nítorí pé àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí: àwọn kan kò gba ohun èlò orin kankan láyè, àwọn mìíràn gba irú ìlù kan láyè níbi ìgbéyàwó àti ọjọ́ ọdún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlù àti mùsùlùmí ti jọ ń gbé nílẹ̀ Yorùbá pẹ́. Wéré tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe kiri òru Ramadan láti jí èèyàn fún sààrì ni Síkírù Àyìndé Barrister, tó di olóògbé ní 2010, gbà kọjá sínú fújì. Ìyẹn kò sọ ohun tí ẹ̀sìn fọwọ́ sí o. Ó kàn sọ pé ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti orúkọ, Àyàn jẹ́ òrìṣà ìlù lójú àwọn baba ńlá wa, mo sì rò pé ohun tó ń ba aṣáájú yín lẹ́rù nìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ yóò mọ agbo ilé tí o ti wá ni, kò ní rò pé o ń bọ ohun kan. Bàbá rẹ ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, òun ni kí ẹ jọ sọ ọ́, kì í ṣe ẹni tí ẹ pàdé ní 200 level.

Ìrun tó ń lọ mọ́ ọ lọ́wọ́ ló kàn ọ́ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Ní agbègbè wa, yípo ọdún, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí aago méje kọjá díẹ̀. Ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà gbọ́dọ̀ forí kó Màgàríbì lójoojúmọ́, kò sí oṣù tó máa sàn. Sọ fún olórí ẹgbẹ́ àṣà yín pé kí wọ́n fà á wá sẹ́yìn, kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Alásárì. Bí wọn kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún ọ ní ogún ìṣẹ́jú nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ìwọ nìkan kọ́ ni mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra. Bí wọ́n bá kọ ọ̀nà méjèèjì, a jẹ́ pé wọ́n ti bá ọ yan èyí tí o máa fi sílẹ̀ nìyẹn.

Kí o tó lọ bá wọn, pe bàbá rẹ. Bi í léèrè ohun tó máa ń ṣe bí Màgàríbì bá ká a mọ́ òde, tí ìyàwó ń jó wọlé, tí àwọn èèyàn ń ná owó, tí òun sì ni ìyáàlù: ta ló ń gba ìlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló sì ń fi ìlù sọ fún agbo kó tó dìde? Jọ̀wọ́, kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ̀.